Bàtà fúyẹ́fúyẹ́ fún eré orí òkè: mẹ́ta tí mo fi wéra ní Èkìtì

Ẹni tó bá sáré 50 kìlómítà lórí òkè yóò gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìgbà 25,000, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà kan. Bí bàtà yín bá fi 80 gíráàmù wúwo ju ti ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ yín kan á ti gbé 2,000 kìlógíráàmù lápọ̀jù kó tó délé. Àpò sìmẹ́ǹtì 40 nìyẹn. Ẹsẹ̀ kejì náà ní 40 tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìṣirò yìí ló kó sí mi lórí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sá eré tó gùn ju 42 kìlómítà ti máráthọ́ọ̀nù lọ. Bàtà tó fúyẹ́ jù lọ ni mo ń wá kiri. Ìkẹ́rẹ́ ni ojú mi ti là, nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí: ìdí ni mo fi wọ́ parí ìyókù ọ̀nà. Láti ìgbà náà, ìwúwo ti di ìbéèrè kẹta. Ìkíní ni pé, ṣé bàtà náà á di àpáta tútù mú? Ìkejì ni pé, ṣé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi á ráyè nínú rẹ̀?

Mẹ́ta tí mo ń fi wéra yìí wá láti ilé iṣẹ́ tí èrò wọn ò bára mu rárá. X-Talon 212 jẹ́ ti Inov-8, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 212 yẹn ni ìwúwo ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ní gíráàmù, wọ́n kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ. Speedgoat 5 jẹ́ ti Hoka, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 2009. Ìnagijẹ Karl Meltzer, sárésáré orí òkè ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi pe bàtà náà, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 292. Lone Peak ti Altra lé ní 300. Bàtà ọkùnrin nọ́ńbà 9 ti Amẹ́ríkà ni mo fi ń sọ ìwọ̀n wọ̀nyí o. Ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká yẹ abẹ́ wọn wò. Eyín X-Talon, ìyẹn àwọn rọ́bà tó yọ síta lábẹ́ bàtà, gùn tó mìlímítà 8, wọ́n sì fi àyè sáàárín wọn, kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Lójú ọ̀nà oko tó lọ sí òkè Òkèmẹ̀sí, ní ìgbà òjò, kò sí èyí tó lè bá a dù ú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Amọ̀ pupa ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí yóò fi dà bíi pé èèyàn gbé ọmọ ọlọ mọ́ ẹsẹ̀. Àmọ́ Èkìtì ò fi gbogbo ara jẹ́ ẹrẹ̀. Ẹ dé orí àpáta gbọọrọ, bí irú èyí tó wà nídìí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, orí eyín gígùn yẹn nìkan ni ẹ máa dúró lé, bí ẹni wọ bàtà bọ́ọ̀lù rìn lórí sìmẹ́ǹtì. (Ibi ọ̀wọ̀ ni òkè yẹn. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí ẹ tó gùn ún.)

Níbẹ̀ ni Speedgoat ti ń gba owó rẹ̀. Mìlímítà 5 péré ni eyín tirẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà Megagrip ti Vibram, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́ bàtà, ló wà lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà tó rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta tútù. Vitale Bramani, ọmọ Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ Vibram lẹ́yìn tí òkè Alps gba ẹ̀mí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1935. Nítorí àpáta ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Lone Peak wà láàárín: ó dára lórí yangí gbígbẹ, ó sì ń ṣe dáadáa nígbà ọyẹ́. Nínú ẹrẹ̀ jíjìn, kò tó X-Talon.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Rọ́bà tó rọ̀ kò fẹ́ràn ọ̀dà. Ẹni tó bá ń sáré láti ilé ní Adó dé ìdí òkè lórí títì ń fi eyín bàtà ẹlẹ́gbẹ̀rún-ún-gbẹ̀rún jẹ òkò. Ẹ gun ọ̀kadà dé ìdí òkè, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wá kàn. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa fẹ̀ níwájú. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ lásán rin ọ̀nà oko láti kékeré, ẹ má gbé bàtà ẹlẹ́nu ṣonṣo fún un. Bàtà ìdíje ni X-Talon, ó há, ó fún mọ́ ẹsẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀. Fún wákàtí méjì, kò burú. Fún wákàtí mẹ́jọ, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú, èékánná á dúdú. Ẹnu Lone Peak ló fẹ̀ jù, ó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn gan-an. Speedgoat wà láàárín, àmọ́ wọ́n ń ta oríṣi rẹ̀ kan tó fẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ lọ rà á nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ yọ tìmùtìmù inú bàtà náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ dúró lé e pẹ̀lú gbogbo ara yín. Tí ọmọ-ìka kékeré bá yọ síta, ẹ dá bàtà padà sórí àtẹ. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú, nítorí pé bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń sún síwájú.

Ẹ wá gbọ́ ti ìwúwo. Àwọn tó ń wọn èémí sárésáré ní yàrá ìwádìí rí i pé 100 gíráàmù lórí bàtà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára ní àfikún. 80 gíráàmù ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wé ohun tí ẹ máa pàdánù bí ẹsẹ̀ bá rọ́ ní kìlómítà 30. Ìwọ̀n inú páálí pàápàá, ti bàtà gbígbẹ ni. Mo gbé bàtà mi méjì kan, tí wọn ò sí lára àwọn mẹ́ta yìí, sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà kéèkì, mo rì wọ́n sínú bákẹ́ẹ̀tì, mo tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó fúyẹ́ nígbà tó gbẹ ló wúwo jù nígbà tó mumi. Fóòmù tó nípọn ní ahọ́n àti ọrùn rẹ̀ ló fa omi mu. Ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. (Ẹ má sì jẹ́ kí ìyàwó yín mọ̀ pé òṣùwọ̀n yẹn ni.)

Fóòmù abẹ́ ẹsẹ̀ ni ti Hoka: mìlímítà 33 ní gìgísẹ̀, 29 níwájú. Yangí kì í gún un wọlé. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó gbéni sókè, ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ̀ lè yí lórí òkúta tí kò dúró re. Lone Peak jẹ́ 25 níwájú àti lẹ́yìn, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Golden Harper, tó wà lára àwọn tó dá Altra sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi ààrò kékeré tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì tú abẹ́ bàtà kí ó lè dín gíga gìgísẹ̀ kù. Ẹni tí kò bá tíì wọ irú rẹ̀ rí, kó fi í rìn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ná, torí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ máa ń fi ẹ̀hónú hàn. Ti X-Talon tinrin. Ẹ máa mọ òkúta kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo rà á rí. Kò tíì pé kìlómítà 15 tí abẹ́ ọ̀kan fi la ẹnu bí ọ̀nì, mo fi okùn ike dì í délé. Gọ́ọ̀mù bàtà tó ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù ti kú, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ fi àtàǹpàkò fa etí abẹ́ rẹ̀ yípo. Tó bá là díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mú ike omi dání, ẹ da díẹ̀ sórí táìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi bàtà gbo ó, kí ẹ wò ó bóyá á yọ̀. Olùtajà á wò yín bí alárùn ọpọlọ. Kò kàn yín.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni owó yín ká, Speedgoat ni kí ẹ mú fún àpáta wa. Bí ẹsẹ̀ yín bá fẹ̀, tí ẹ sì ní sùúrù, Lone Peak ni. Èmi ní méjì báyìí: Lone Peak ló ń jáde láti ìgbà ọyẹ́ títí di oṣù kẹta, X-Talon sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró de ẹrẹ̀ Òkèmẹ̀sí.