Kọ̀ǹpútà tí kò ní fáànù fún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà: nítorí eruku ni mo ṣe rà á, eruku náà ni wọ́n fi kọ̀ mí

Ohun tó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni gbólóhùn kan tí òṣìṣẹ́bìnrin kan sọ fún mi nídìí káńtà, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra kọ̀ǹpútà yìí ní Ìkẹjà: "Ẹ má bínú sà, eruku ti wọ inú rẹ̀, wáráńtì wa ò sì kan ti eruku." Bẹ́ẹ̀ ó wà lára páálí tí wọ́n fi dì í fún mi, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ibi eléruku ni wọ́n ṣe é fún.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe lọ́sàn-án; ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń gé igi nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́ sẹ́yìn ilé mi n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò pọ̀: mo fi ń wo àwòrán, mo sì fi ń ṣètò bí n ó ṣe gé pákó MDF (èyí tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀) tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 kí àṣẹ́kù má bàa pọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ní fáànù, fáànù yìí ló sì pa á, nítorí bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti mú ẹ̀rọ tutù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa eruku igi mọ́ ọn, títí eruku fi dì bí òwú tìmùtìmù sáàárín irin tó yẹ kí ooru gbà jáde. Kì í ṣe èérún tí ìfági ń gé sílẹ̀ ló ń ṣe èyí. Lẹ́búlẹ́bú tí sáńpépà ń tú jáde lára MDF àti ìrókò ni, èyí tí ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí a ti pa iná ẹ̀rọ. (IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ra ìbomú kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà.)

N kò ní ẹ̀sùn kankan sí ọmọkùnrin tó tà á fún mi. Ó kọ́kọ́ gbé èyí tí skírìnì wà lára rẹ̀ wá, ó ní IP65 ni, ìyẹn àmì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe lè dènà eruku àti omi tó. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú méjèèjì ni ti eruku, 6 ló sì ga jù, ìyẹn ni pé eruku kò lè wọlé rárá. Mo yí ẹ̀rọ náà padà, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn, mo sì rí i pé iwájú skírìnì nìkan ni IP65 náà wà fún. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé e kúrò, ó sì gbé àpótí àlùmíníọ̀mù kékeré kan kalẹ̀, tí wọ́n la ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde, tí kò ní fáànù, tí kò sì ní ihò afẹ́fẹ́ kankan. Òun ni mo san owó rẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò tàn. Mo gbé òun, ṣájà rẹ̀ àti rìsíìtì, ó di márosẹ̀ Èkó. Òṣìṣẹ́bìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò bi mí ní ohun tó ṣe é. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ihò USB, ó fi orí píìnì ha eruku díẹ̀ jáde sórí bébà funfun, ó sì ti bébà náà síwájú mi. Mo béèrè bóyá ó ti tú ẹ̀rọ náà wò. "Rárá sà, àmọ́ eruku nìyẹn." Mo fi ọ̀rọ̀ ara páálí hàn án nínú fọ́tò tí mo yà. "Ti ìpolówó nìyẹn sà." Ó pe máníjà. Ẹni yẹn kà á, ó sì ṣàlàyé fún mi pé eruku ọ́fíìsì ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n yẹ ṣájà wò, ó ní ṣájà irú èyí kì í bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan wá, kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mo ba ẹ̀rọ náà jẹ́, kí n sì san owó títú rẹ̀. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì kúrò nídìí káńtà.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣàtúnṣe ẹ̀rọ nínú yàrá ẹ̀yìn ló gba ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. "Dádì, ẹ jẹ́ n wò ó." Ó fi mítà kan ẹnu ṣájà, ó ka fóòtì (agbára iná) 12 géérégé, bó ṣe yẹ. Máníjà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó so ṣájà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún mítà wò, fóòtì já wálẹ̀ sí 5: ṣájà ni kò lágbára láti gbé kọ̀ǹpútà mọ́. Ó fa iná fóòtì 12 mìíràn láti orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì tàn. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó tún tú ìdérí ìsàlẹ̀ kí gbogbo wa lè rí inú rẹ̀, tó mọ́ tónítóní lẹ́yìn gbogbo ìrókò tí mo ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Arábìnrin náà wò ó, ó ní "Hẹn-ẹn." Máníjà ti wọlé lọ ní tirẹ̀. Wọn kò ní ṣájà mìíràn nílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò fi ránṣẹ́.

Ọmọ náà ló tún fi hàn mí pé fóòtì 9 sí 36 ni ẹ̀rọ náà lè gbà, nítorí náà mo lè so ó tààrà mọ́ bátìrì sólà mi tó jẹ́ 24, pẹ̀lú fíúsì láàárín, láìgba ọ̀dọ̀ ínfátà kọjá. Láti ìgbà náà, bí iná bá lọ tàbí kò lọ, kò kàn án. Mo gbé e kọ́ ara ògiri kí ìlà ara rẹ̀ lè dúró lóòró, nítorí ooru a máa gòkè, ìlà tó bá sì dùbúlẹ̀ kì í jẹ́ kó rọrùn fún un. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà gbígbẹ ni mo fi ń gbá eruku láàárín ìlà náà. Bí n kò bá gbá a, ẹ̀rọ á gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Lọ́sàn-án inú ẹ̀rùn, ẹ kò lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́. Wọn kò fún mi ní ìdérí rọ́bà fún àwọn ihò USB, bẹ́ẹ̀ ìdérí yẹn ni kì bá ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ ìjà. Mo ra tèmi lọ́jà.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ṣájà tí wọ́n ní àwọn yóò fi ránṣẹ́ kò tíì dé.