Among Us: géèmù tó sọ Àǹtí mi di apààyàn n'Íkòròdú

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó bú mi, mo mọ̀ pé Among Us kì í ṣe géèmù tuntun, 2018 ni ilé iṣẹ́ Innersloth ní Amẹ́ríkà ti gbé e jáde, èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di 2020 tí kónílé-ó-gbélé kòrónà ti gbogbo ayé mọ́nú ilé, ìgbà yẹn ló wá gbòde débi pé wọ́n kéde pé àwọn máa ṣe apá kejì, kò pé oṣù méjì wọ́n ní rárá o, àwọn ò ṣe mọ́, àwọn á kúkú máa tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Gbogbo ariwo yẹn, èmi ò bá wọn dá sí i. Èmi tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò láàárọ̀ kùtùkùtù, tó jẹ́ pé oorun ni mò ń sùn tí mo bá délé, géèmù wo ni mo fẹ́ máa gbá?

Ọdún Àjíǹde ló kó mi sí i. A kóra jọ sílé Màmá Àgbà n'Ígbógbó, àwa mẹ́sàn-án, NEPA ò múná wá látàárọ̀, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ ti tán, àwọn tó ń ta Whot ti jà tí wọ́n sì ti túká. Ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ní ká dáńlóòdù Among Us. Ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù, ìpolówó ọjà ló kàn máa ń yọjú láàárín, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gba dọ́là 5. Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé tẹ́ ẹ bá ti wọlé tán, ẹnì kan á tan hotspot, gbogbo yín á so mọ́ ọn, kò tún sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ọkọ̀ ńlá kan wà lójú òfúrufú, gbogbo yín wà nínú ẹ̀, èèyàn kúkúrú kúkúrú tí ò lápá, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀. Iṣẹ́ wà tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ so wáyà, ẹ da ìdọ̀tí nù, ẹ fa káàdì lójú ẹ̀rọ (káàdì yẹn, ẹni tó ṣe é fẹ́ fìyà jẹ èèyàn ni, o fà á kíá ó ní o yá jù, o rọra fà á ó ní o pẹ́ jù). Àmọ́ ẹnì kan wà láàárín yín, nígbà míì méjì tàbí mẹ́ta, tó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní impostor. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa pa yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kó sínú ihò afẹ́fẹ́, kó gba yàrá míì yọ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá rí òkú á figbe ta, gbogbo yín á pé jọ, ẹ ó rojọ́, ẹ ó dìbò, ẹni tí ìbò bá mú, ìta ọkọ̀ ló ń lọ. Tẹ́ ẹ bá lé gbogbo ọ̀dàlẹ̀ dànù tàbí ẹ parí iṣẹ́, ẹ ti jẹ, àmọ́ tí iye yín bá fi lè bá tiwọn dọ́gba, ó ti bá yín.

Ó níbi tí wọ́n ti rí i o. Ará Rọ́ṣíà kan, Dimitry Davidoff, ló dá eré Mafia, tí wọ́n ti ń wá apààyàn láàárín ara wọn, sílẹ̀ ní Moscow ní nǹkan bí 1986, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, kò sí fóònù kankan nínú ẹ̀, ibẹ̀ làwọn yìí ti mú tiwọn. Ẹnu yẹn náà ló sì ládùn. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù orí géèmù ni, ẹni tí ìka ẹ̀ ò yá, wọ́n á ti kó góòlù mẹ́fà sí i nínú kó tó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù sílé. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti lè purọ́ láìrẹ́rìn-ín, o ti mọ̀ ọ́n gbá.

Ibi tí Àǹtí mi ti wọlé nìyẹn. Àbúrò màmá mi ni, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Sábó, wọn ò gbá géèmù kankan rí láyé wọn, àwa la bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá kún wa. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ní ibo làwọn máa tẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí géèmù sọ wọ́n di ọ̀dàlẹ̀, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n pa. Tá a bá pé jọ tá a ní ta ló ṣe é, ojú tí wọ́n fi ń sọ fún oníbàárà pé "iye tí mo rà á gan-an ni mo pè fún ẹ yẹn, mi ò jèrè kọ́bọ̀", ojú yẹn náà ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n ní àwọn wà níbi ìdọ̀tí, àwọn ń da ìdọ̀tí nù.

Ó sì tún wá lọ́wọ́ àṣà wa nínú, mi ò rò pé àwọn òyìnbó tó ṣe é ronú kan ìyẹn. Àbúrò mi obìnrin rí wọn kòrókòró níbi tí wọ́n ti ń jáde nínú ihò. A pé jọ, ó ń ká ọwọ́ kò, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò sọ pé ẹ̀yin ni o mà, àmọ́ ó jọ pé mo rí yín." Àǹtí ní "Èmi? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́?" Ẹjọ́ tán nìyẹn! Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa, ibi tó o lè bá a dé ni "kò rí bẹ́ẹ̀ mà". Àbúrò mi náà la dìbò lé jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko ni wọ́n fi èyí jẹ wá, àfìgbà tí Màmá Àgbà, tí ò tiẹ̀ bá wa gbá a, tí wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, la ẹnu pé "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Láti kékeré, tó bá ti ń purọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n." Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń wo fóònù nígbà ìpàdé mọ́, abẹ́ tábìlì la ń wò.

Ìṣòro kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni àwọ̀. Tẹ́lẹ̀ 12 ni, láti 2021 tí wọ́n ti ní kí èèyàn 15 lè gbá a pọ̀ ló ti di 18. Ẹni tó ń fi èdè òyìnbó gbá a ò níṣòro. Àwa ńkọ́? Àǹtí pariwo pé "Pupa ni! Pupa ló pa á!", a ju pupa síta, àṣé èyí tó dà bí ọsàn ni wọ́n ń wí, ẹlòmíì sì tún wà tó rò pé yẹ́lò ni, torí pupa náà ni gbogbo wọn. Dúdú tún burú ju ìyẹn lọ, aró wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé tó ṣú wà níbẹ̀, dúdú gidi náà wà níbẹ̀. A pa aláìṣẹ̀ méjì báyìí ká tó gbà pé orúkọ ẹni la ó máa pè.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn gan-an ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó bá kú. O di iwin, o lè parí iṣẹ́ tó kù ẹ́ kù, àmọ́ o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ilé wa? Àbúrò mi kú, ó pòṣé, ó yí ojú sí ẹni tó pa á, géèmù ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì tètè pa ẹ́, ìwọ ni wàá lọ máa gbọ́ ọbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló kéré jù tó lè gbá a, àmọ́ mẹ́rin ò dùn, wọ́n á ti mọ̀ ẹ́ kó o tó rìn. Bẹ̀rẹ̀ láti méje lọ ló ń ta sánsán, mélòó nínú wa ló wá ń rí èèyàn méje lójoojúmọ́?

Wàá ní o lè gbá a pẹ̀lú àwọn tó ò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dán ìyẹn wò lórí ìlà ọkọ̀ ní Ìpakodò. Títẹ̀ ni wàá máa tẹ ọ̀rọ̀, kò sí ohùn, kò sí ojú, kò sí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ẹlòmíì rí i pé òun kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀, ó já jáde lójú ẹsẹ̀, ẹlòmíì dárúkọ ẹ láìrí nǹkan kan, wọ́n sì dìbò lé ẹ. Lóṣù kẹwàá 2020 ẹnì kan tiẹ̀ gbógun wọ inú ẹ̀ tó ń fi ìpolówó ara ẹ̀ da ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn rú. Ọkọ̀ dé, mo pa á, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ lọ sí bojúbojú tí wọ́n fi kún un nípẹ̀kun 2022. Ẹ ti mọ ọ̀dàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń lé yín ni, kò sí ìpàdé, kò sí ẹjọ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ kú. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, torí ẹnu ni mo bá wá. Kẹ́ ẹ sì rí i pé gbogbo fóònù ti gba ti tuntun kẹ́ ẹ tó kóra jọ, ẹyọ kan tó bá ṣì wà lórí ti àtijọ́ ò ní lè bá yín wọlé, bẹ́ẹ̀ la jókòó ti fóònù ẹnì kan ní Ìgbógbó lọ́jọ́ yẹn, bátìrì àwa tó kù sì ń lọ sílẹ̀.

Tí mo bá máa fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá wà nínú yàrá kan náà, mẹ́rin tó bá jẹ́ ìwọ nìkan.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá Àǹtí pè mí láti ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń rò ó pé owó ni, wọ́n ní àwọn ti ra fóònù tí ojú ẹ̀ fẹ̀, kí n wá bá àwọn gbé géèmù yẹn sí i, kí n sì pe àwọn tó kù wá lọ́jọ́ Sunday. Ìgbà tá a máa débẹ̀, wọ́n ti jókòó dè wá, wọ́n ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, wọ́n wá da ìró bò ó.