IB tàbí A Level fún ọmọ tí ó ń bá òbí rẹ̀ lọ sí òkè òkun
Nínú Dípúlọ́mà International Baccalaureate (IB), ètò ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ọmọ tó wọ yunifásítì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1968, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́fà fún ọdún méjì, ó sì tún ń kọ àròkọ ìwádìí gígùn kan. A Level ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà jẹ́ ètò ọdún méjì kí ọmọ tó wọ yunifásítì, kì í sábà ju ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ. Ọmọ tí ó ti mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe ni A Level bá mu jù. Èyí tí ọkàn rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan, IB ni èmi yóò yàn fún un, bí ó tilẹ̀ gba agbára. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ má ṣí ọmọ nípò láàárín ọdún méjì náà.