Ó fún ọmọ lẹ́ṣin, kò fún un lórúkọ: bí mo ṣe gbọ́ Lonesome Dove lójú ọ̀nà Texas

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ àjàgbé ní Amẹ́ríkà. Texas ni mo fi ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n ojú títì ni mo ń gbé jù. Lọ́dún tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ ń dúró de ẹrù fi ìwé ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá kà á tán, ojú tí mo fi ń wo ilẹ̀ tí mò ń gbà kọjá yóò yí padà. Lonesome Dove ni orúkọ ìwé náà. Larry McMurtry ló kọ ọ́, ó jáde ní 1985, ó sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá kan tí wọ́n ń fún ìwé ní Amẹ́ríkà, ní 1986. Orí 102 ló ní, ojú ìwé rẹ̀ sì lé ní 800. Mo ka ìwọ̀nba tí mo lè kà lálẹ́, lẹ́yìn náà mo ra èyí tí wọ́n kà sínú ohùn, mo ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbọ́ ọ tán báyìí.

Mo máa sọ ẹni tó kú àti bó ṣe kú, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tí ìwé yìí ṣe sí mi láìsọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin ìtàn kó tó kà á, kó lọ kà á ná, kó padà wá.

Gus McCrae àti Woodrow Call ti jẹ́ Texas Ranger rí, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ agẹṣin tó ń jà lẹ́nu ààlà. Ogun ti tán, àgbà ti ń dé, wọ́n wá ń ta ẹṣin àti màlúù ní Lonesome Dove, ìlú kékeré eléruku kan létí odò Rio Grande. Gus kì í sinmi ọ̀rọ̀, Call kì í sinmi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Jake Spoon, ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ tó ṣèèṣì yìnbọn pa ènìyàn ní Arkansas tó sì ń sá kiri, yà sọ́dọ̀ wọn, ó ń ròyìn ilẹ̀ koríko kan ní Montana tí kò tíì sí ẹni tó da màlúù dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Call lára. Wọ́n sọdá sí Mexico lóru, wọ́n jí ẹṣin àti màlúù kó (olè pọ́ńbélé ni, ìwé náà kò sì fi pamọ́), wọ́n wá da agbo tó lé ní 2,000 kọrí sí àríwá.

Ní ayé gidi, owó ló bí irú ìrìn yìí. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, màlúù oníwo gígùn kún inú igbó Texas bí ìràwọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rà á. Èyí tí kò pa ju nǹkan bíi $4 ní Texas lè pa $40 tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà àríwá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, máìlì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, nítorí màlúù tí a bá lé ní ìlékúlèé yóò rù, èrè yóò sì bá ara rẹ̀ lọ. Nǹkan bí ogún ọdún péré ni gbogbo rẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n gbàwé àṣẹ rẹ̀ ní 1874 dí ọ̀nà mọ́ wọn, ọkọ̀ ojú irin sì gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn. McMurtry mọ ohun tó ń sọ: ìran darandaran ló ti wá, ní agbègbè Archer City ní Texas.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti odò Nueces. Lójú ewé àkọ́kọ́ pàá, ẹlẹ́dẹ̀ méjì tí Gus ń sìn ń jẹ ejò kan. Mo kà á kọjá, mo rò pé eré ni. Ìrìn náà kò tíì jìnnà rárá nígbà tí agbo dé Nueces. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, Sean O'Brien, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ireland dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò mọ ẹṣin gùn dáadáa, àárò ilé sì ń sọ ọ́ débi tó fi ń sunkún. Òun ló rìn sínú ìtẹ́ ejò omi. Newt, ọmọkùnrin mìíràn láàárín àwọn tó ń da màlúù, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, rí i bí ejò ṣe bo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Kò sí ìlù, kò sí akọni tó yọ lójijì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín, Gus sọ̀rọ̀ díẹ̀, màlúù sì tún gbéra, nítorí màlúù kò mọ̀ pé ẹnìkan kú. Mo máa ń gba orí afárá odò yìí kọjá ní Cotulla, lórí títì ńlá I-35. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta mo ti sọdá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ibẹ̀ yẹn, mi ò tíì gbà á kọjá kí n má wo ìsàlẹ̀.

Ìdí nìyí tí ewu inú ìwé yìí fi ń ba ni lẹ́rù ju ti fíìmù kábọ́ì tí a wò ní kékeré lọ. Ẹ ò lè mọ ẹni tí yóò kàn. Òjò dé pẹ̀lú mànàmáná, iná aláwọ̀ búlúù ń jó lórí ìwo màlúù, agbo figbe ta, ó sá lọ nínú òkùnkùn. Tata bo ojú ọ̀run. Béárì ńlá kan jáde ní Wyoming, akọ màlúù kan láti Texas kò sì yẹ̀ fún un. Ṣáájú ìyẹn ni ọ̀dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán: ọ̀nà tó jìn tí kò sí ẹ̀kán omi, màlúù ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, àwọn tó ń dà á kò yàtọ̀ sí wọn. McMurtry kò yára níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ yára. Láti gúúsù Texas dé Miles City ní Montana, ọjọ́ mẹ́ta ni èmi ń lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn wọ̀nyí lò ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òtútù fi dé.

Joshua Deets ni mo fẹ́ràn jù. Ènìyàn dúdú ni, òun ló ń ṣáájú agbo láti wá omi àti ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí Call gbẹ́kẹ̀ lé tó o. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kan, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, jí ẹṣin wọn. Nígbà tí wọ́n lé wọn bá, Deets gbé ọmọ kékeré afọ́jú kan nílẹ̀, ó fẹ́ dá a padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fi ọ̀kọ̀ gún un nítorí kò mọ̀ pé àánú ọmọ náà ló ń ṣe Deets. Mo pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Call fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára pákó fún sàréè Deets. Ẹni gidi kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà: Bose Ikard, tí wọ́n bí sínú ẹrú ní Mississippi, tó wá di igi lẹ́yìn ọgbà Charles Goodnight, olówó màlúù ńlá. Nígbà tí Ikard kú ní 1929, Goodnight ra òkúta sí i lórí, ó ní kò yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ rí, kò sì ṣàìgbọràn sí àṣẹ rí. Mo dé itẹ́ òkú náà ní Weatherford, kò jìnnà sí Fort Worth. Oliver Loving náà wà níbẹ̀, ẹnìkejì Goodnight tí àwọn Comanche, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, ṣe léṣe ní 1867, tí ọgbẹ́ rẹ̀ jẹrà tó fi kú ní New Mexico, tí Goodnight sì ṣètò kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sí Texas. Ìtàn yẹn ni McMurtry fi ṣe òpin ìwé rẹ̀.

Nítorí Gus náà kú bẹ́ẹ̀. Ọfà bà á ní Montana, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹrà, wọ́n gé ọ̀kan, kò gbà kí wọ́n gé èkejì. Kó tó kú, ó ní kí Call gbé òun padà sí etí omi kan ní Texas tí òun àti Clara, obìnrin tó fẹ́ràn jù, ti máa ń jókòó. Call sì gbé e. Àwa tí a wà níbí mọ ohun tí èyí jẹ́. Tí ọmọ Yorùbá bá kú sílẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ á dáwó, ìjọ á dáwó, wọ́n á gbé òkú wọ bàálù lọ sílé. Call nìkan ló gbé òkú Gus, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, gba ọ̀nà tí ó ti sin ènìyàn sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Call kì í mú ìlérí ṣẹ.

Ìlérí kan ló wà tí kò lè ṣe. Òun ni bàbá Newt. Gbogbo ènìyàn mọ̀, Gus sì ti sọ fún ọmọ náà. Nígbà tí atọ́nà àwọn sójà kan na Newt lẹ́gba ní Ogallala, ìlú kan lójú ọ̀nà, Call fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ọkùnrin náà pa. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè pe ọmọ náà ní ọmọ. Ní Montana, nígbà tó fẹ́ lọ, ó fún Newt ní ẹṣin tó fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ, ó fún un níbọn, ó fún un ní aago tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀, ó fi í ṣe olórí gbogbo ilé ẹran. Ọmọ náà dúró, ó ń retí. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Nígbà tí Call yà sọ́dọ̀ Clara lójú ọ̀nà, obìnrin yẹn sọ ọ́ sí i lójú: ẹṣin lo fún un, o ò fún un lórúkọ rẹ.

Níbi tí a ti wá, ìbéèrè tí àgbà máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ ni, "Ọmọ ta ni ọ́?" Newt kò ní ìdáhùn, bàbá rẹ̀ sì wà lórí ẹṣin níwájú rẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà. Mo ń san owó ilé ìwé, mo ti ra fóònù, mo ti ra bàtà. Tí mo bá pè é, a máa ń sọ̀rọ̀ owó, a máa ń sọ̀rọ̀ ìdánwò, ó tán. Mo gbọ́ ibi tí Call ti ń kó ẹrù fún ọmọ yẹn, mo sì wá ibi tí mo lè gbé ọkọ̀ dúró sí.

Ìwé náà ní àléébù. Màlúù kò gbéra títí ojú ìwé tó lé ní 200 fi lọ. Ẹ ní sùúrù, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ àwọn tí ẹ máa sunkún fún. Àwọn ènìyàn ń ṣalábàápàdé ara wọn jù lórí pápá tó gbòòrò tó yẹn. Èyí tó dùn mí ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀: bí wọn kò bá jẹ́ ìkà bíi Blue Duck, ọ̀daràn kan nínú ìwé náà, ebi ni yóò máa pa wọ́n, a kì í sì í wọ inú ọkàn wọn. Gus nìkan ló ń sọ ọ́ jáde pé bóyá àṣìṣe ni gbogbo ohun tí òun àti Call fi ayé wọn ṣe, pé wọ́n ti pa àwọn tó mú ilẹ̀ náà dùn tán. Ó yẹ kí ìwé náà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Blue Duck àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ ṣe sí Lorena, obìnrin kan tó kúrò ní Lonesome Dove nígbà ìrìn náà, le púpọ̀, ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kó mọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀dà tí bàbá yẹn fún mi, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà; èyí tí wọ́n kà sínú ohùn ni mo máa ní kí ẹ rà bí ojú bá ń dùn yín. McMurtry kọ ìwé mẹ́ta mìíràn nípa àwọn ènìyàn kan náà, ṣùgbọ́n èyí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ra ẹ̀dà tuntun, onílẹ́tà ńlá. Ó wà nínú àpótí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé lóṣù Kejìlá. Ọmọ mi ti pé mẹ́tàdínlógún, ó tó ó kà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ṣófo, mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, mo kọ orúkọ mi tẹ̀ lé e, mo wá kọ oríkì tí bàbá mi fi ń kí mi sí abẹ́ méjèèjì.