DSM34 tàbí Mossberg 44US: Èwo Ni Ojú Rẹ̀ Rọrùn Láti Tò?

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ń wá ìbọn .22 àtijọ́, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ ní. Òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ìbọn kékeré sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gba ìwé, kó má tíì dúnàá-dúrà.

DSM34 àti Mossberg 44US, ìbọn .22 méjèèjì ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní ìbọn yínyìn láyé àtijọ́ láìfi ọta ńlá ṣòfò. Jámánì ni wọ́n ti ṣe DSM34. Ó jọ Mauser àwọn ológun wọn, ọta kan ṣoṣo ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Amẹ́ríkà ṣe 44US nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: ọta 7 ló ń gbà, ó nípọn, ó sì wúwo. Tó bá jẹ́ ti ẹwà, DSM34 ló gbayì jù, kí n má purọ́.

Ojú wọn, ìyẹn irin iwájú àti ti ẹ̀yìn tí ẹ fi ń wo àmì, ni ẹjọ́ wà. Ojú ẹ̀yìn DSM34 jẹ́ irin tí wọ́n gé lẹ́nu bíi V. Ẹ lè gbé e sókè, ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tán. Bí ọta bá ń yà sí ẹ̀gbẹ́, ojú iwájú lẹ máa fi òòlù sún, síbi tí ọta ń yà sí gan-an: tó bá yà sọ́tùn-ún, ẹ sún un sọ́tùn-ún.

Ká ní ọta fi sẹ̀ǹtímítà 4 yà ní mítà 25. Bí ojú méjèèjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà síra, mìlímítà 1 péré ni ẹ máa sún ojú iwájú. Ẹ wo mìlímítà 1 lára rúlà, kí ẹ wá ro ti alágbẹ̀dẹ tí ṣakabùlà ti mọ́ lọ́wọ́, tó gbé òòlù dání. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi idẹ ṣáájú òòlù.

Ojú ẹ̀yìn 44US ní ihò, ọwọ́ lásán lẹ sì máa fi yí i, sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ èyí tó ń ró kẹ́, tí ìró kọ̀ọ̀kan ń sún ọta ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú igun (nǹkan bíi mìlímítà 1.8 ní mítà 25), ìró 22 ló máa gba sẹ̀ǹtímítà 4 yẹn. Ẹ ń kà á, ẹ ń yí i, kò la ariwo lọ. Síbi tí ẹ fẹ́ kí ọta lọ ni ẹ máa yí ojú ẹ̀yìn sí.

Ẹni tó ti ń fi awò kàwé, ojú oníhò ni kó rà, torí ojú iwájú àti àmì nìkan ló máa wò. Àmọ́ lásìkò ọyẹ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀, ihò náà máa ń ṣókùnkùn. Ojú V borí níbẹ̀.

Lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ yí ojú náà lọ, ẹ yí i padà. Tí kò bá padà sójú kan náà, ó ti jẹ. Ẹ wo inú agbá bóyá ìpẹtà wà. Ẹ fún ìdè igi rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dá ojú lẹ́bi. Irú ọta kan náà ni kí ẹ máa lò, torí oríṣiríṣi ọta kì í bá ibì kan náà. Ẹ gbé e lé àpò yanrìn, ẹ yin márùn-ún kí ẹ tó yí ohunkóhun, níbi tí àṣẹ wà. Igbó Ọ̀ṣun kọ́ o. Wọn kì í dọdẹ níbẹ̀.

Èmi máa mú 44US. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti sọnù, wọn á sì fi òróró pa igi rẹ̀ lára kó máa dán. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba DSM34 tó pé.