Agolo, búrọ́ọ̀ṣì àbí airbrush? Ọ̀dà ìpìlẹ̀ fún ará inú fúláàtì

Ẹni tó bá ń gbé fúláàtì ní London bíi tèmi, tí kò ní gáráàjì, tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, tó wá ń kun àwọn ère ọmọ ogun oníke kéékèèké ti Warhammer, eré ogun orí tábìlì, ara ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà olómi kì í di ike mú dáadáa. Bí ọ̀dà ìpìlẹ̀ (práímà) ò bá sí lábẹ́ rẹ̀, ìka lásán ni yóò bó o kúrò létí idà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, mo sì ti náwó sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Agolo tí à ń fín ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ti Citadel wà, èyí tí Games Workshop ti Nottingham ń ṣe. Ti Army Painter, ará Denmark, náà wà. Ó yá púpọ̀: ogún ọmọ ogun lè dúdú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti fẹ́ fín in? Gáàsì tó ń ti ọ̀dà jáde, bútéènì àti própéènì ló sábà máa ń jẹ́, ó máa ń gbaná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kóra jọ sí. Fèrèsé báluwẹ̀ tí ẹ ṣí kò tó o, ká má tíì sọ ti kíṣìnì tí bọ́ílà wà. Èmi ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ síta. Mo kó márùn-ún sínú páálí bàtà lóṣù Kọkànlá, mo lọ dúró nítòsí ibi tí a ń dalẹ̀ sí, òjò winniwinni ń sẹ̀. Nígbà tí mo gbé wọn wọlé, àfi bíi pé wọ́n wọ́n gàrí sí wọn lójú. Ọ̀rinrin dá sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo tún gbé agolo jìnnà jù, ọ̀dà ti ń gbẹ kó tó balẹ̀. Nǹkan bíi 20 sí 30cm ló yẹ, lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá gbẹ. Ẹ bá mi ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù.

Búrọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ̀ẹ́ ará fúláàtì. Vallejo, ará Sípéènì, ń ta Surface Primer olómi nínú ìgò kékeré, 60ml àti 200ml, kò sì ní òórùn tí yóò mú ará ilé wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tàkọ́kọ́ yóò rí wúruwùru, ike á ṣì máa yọjú. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó bò lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń fi ọ̀dà dí ojú àti eyín ère. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí bó bá gbẹ lójú, inú rẹ̀ lè má tíì le. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fẹ́ sáńdípépà: ṣe ló máa ń bó bí awọ tòmátì tí a bọ̀. Ó sì ń jẹ àkókò. Ogún ọmọ ogun, odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Airbrush, ẹ̀rọ kékeré bíi kálàmù tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà, òun ńkọ́? Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ dà bíi ti fọganáísà, ó kàn kéré ni, ariwo tiẹ̀ náà sì wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ẹ máa ra àpótí tí a ń fín ọ̀dà nínú rẹ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ ń gba fèrèsé jáde, ẹ máa ra ìbòmú gidi, torí eruku ọ̀dà olómi tí kò rùn ṣì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ó sì máa fọ imú airbrush náà lẹ́yìn gbogbo ìlò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó dí. Lójú tèmi, ẹni tí kì í kun tó ogójì lọ́dún ń náwó ẹran lórí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni.

Ẹ̀yin tó ń gbé ẹrù lọ Èkó: agolo ọ̀dà kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú, ì báà jẹ́ báàgì ọwọ́ tàbí èyí tí wọ́n ń wọ̀n. Ìgò olómi ni kí ẹ kó sáàárín aṣọ, kí ẹ fi ọ̀rá wé ìdérí rẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, 60ml aláwọ̀ eérú kan àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni màá rà.