Ìrìn àjò ọjọ́ kan sí Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja: ẹ bá mi kí afinimọ̀nà, ẹ má bá mi kí dẹ́rẹ́bà

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ní ká pé sí Gáréèjì Ọ̀fà, níbí ní Ìlọrin. Èmi àtìyàwó mi ti débẹ̀ ní 5:45. A ò gbéra títí di 8:40. Mo pe arábìnrin tó gba ₦35,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ó ní, "Ẹ má bínú sà, wọ́n ti dé Táńkẹ̀." Ìgbà kẹrin tí mo pè é, Táńkẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Dẹ́rẹ́bà dé, kò kí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tó bí i lọ́mọ wà nínú wa. Títí a fi kọjá Ọ̀mù-Àrán dé Kàbà, èébú tí mo máa kọ síbí ni mò ń tò lọ́kàn.

Afinimọ̀nà tó pàdé wa ní Lọ́kọ́ja ló gba èébú náà lẹ́nu mi. Ọmọ kékeré ni. Ibi tí wọ́n ti gé ara òkè láti la ọ̀nà ló dá wa dúró sí. Ó ní kí n fọwọ́ ra òkúta náà: iyanrìn kúnná sí mi lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n. Ó da omi ike rẹ̀ sí i, òkúta fà á mu ṣáká. Ó da ìyókù sórí òkúta dúdú kan tó mú dání, irú ti Òkè Sóbì wa. Omi ṣàn dànù.

"Bàbá, ooru inú ilẹ̀ ló sè tiyín. Odò ló kó tibí jọ."

Ó ní irú òkúta líle bẹ́ẹ̀ ni òjò rẹ́ wẹ́wẹ́ láyé àtijọ́, tí odò wọ́ iyanrìn rẹ̀ wá, ó ju mílíọ̀nù 65 ọdún lọ. Ìpele ń gun ìpele, tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, irin inú omi sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Ó fi àwọn ìlà kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ hàn wá: ibi tí wọ́n dà sí lomi ń ṣàn lọ nígbà náà. Mo bi í ìdí tí orí òkè fi tẹ́ bíi tábìlì.

"Òkúta onírin ló fi dé fìlà sà. Òjò ò tètè rí i jẹ, abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ."

Bí abẹ́ bá jẹ wọlé tó, etí fìlà á já, á yí gbirigbiri wálẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n wà káàkiri ẹsẹ̀ òkè; mo jókòó lórí ọ̀kan, ìyàwó mi pè mí títí.

Ilé Lugard tí wọ́n fi polówó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la lò níbẹ̀, kò tiẹ̀ dùn mí. Oúnjẹ ló dùn mí: ìrẹsì àtẹja ni wọ́n ṣèlérí, búrẹ́dì gbígbẹ àti mínírà la rí. Mo ní kí wọ́n dá owó oúnjẹ padà, arábìnrin náà fèsì pé, "A ti gbọ́ sà." Ọ̀sẹ̀ méjì rèé.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san tàwọn ọmọ mi mẹ́ta fún Iléyá, mo sì sọ fún wọn pé bí kì í bá ṣe ọmọ afinimọ̀nà yẹn ló máa mú wa gòkè, kí wọ́n yáa dá owó mi padà.